Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Sítáàtì: Ẹ Wá Ẹ̀rí Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀yà

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ti wà ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti di gàrí sínú àpò, tí ẹ ti rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ ń retí ọkọ̀, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì àti ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ báyìí, ẹ kú iṣẹ́. Mo kí yín láti Adja-Ouèrè dé Ikpinlè, dé Kpoulou, Massè, Oko-Akaré àti Tatonnonkon. Mo sì kí àwọn ará wa ní Pobè, Ṣakẹ́tẹ́, Ifangni àti Kétu tí rédíò wọn gbé ohùn mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo mú wá lónìí: ọkọ̀ àtijọ́ tí a ṣíná rẹ̀ tí kò sítáàtì, tàbí bí àwa níbí ti máa ń wí, tí kò démárẹ́, àti èyí tó sítáàtì dáadáa nílé, tó wá kú sáàárín ọ̀nà. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun. Ó kàn án. Tòmátì tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sọ́nà Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò ti máa rà. Aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn ní Pobè lóru, kí ni yóò fi ọkọ̀ tó kú sínú igbó ṣe? Owó tí awakọ̀ bá sì ná sórí ẹ̀yà tí kò bàjẹ́, orí àwa èrò ọkọ̀ náà ló máa padà bọ́ sí.

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: ẹ má ṣe ra ẹ̀yà ọkọ̀ kankan títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé òun gan-an ló bàjẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tó ń pa ọkọ̀ àtijọ́ lójú ọ̀nà wa kò ju ìdọ̀tí, omi, wáyà tó tú àti irin tó dógùn-ún lọ. Ìméfò ló ń sọ ohun kékeré di gbèsè.

Àwọn ọkọ̀ wo ni mo ń bá wí? Ẹ mọ Peugeot 504, yálà èyí tó ń kó èrò tàbí bàṣé tó ń kó àgbàdo àti gbágùúdá jáde láti oko. Ní 1968 ló jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1969, wọ́n fi joyè ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ PAN ní Kàdúná, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀, wọ́n sì ń to 504 náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Faransé ti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn 504 ni 505 dé, lẹ́yìn náà ni àwọn Toyota, Mazda àti Nissan tí wọ́n ti lò ní òkè òkun ń gba èbúté Kútọnu wọlé. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àyíká wa. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọkọ̀ àtijọ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sàn ju tuntun tí ẹnikẹ́ni ò lè tú níbí.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ò béèrè ju ohun mẹ́rin lọ kó tó ṣiṣẹ́: epo tó mọ́, afẹ́fẹ́ tó tó, iná tó ta lásìkò rẹ̀, àti písítìnì tó lè fún epo àti afẹ́fẹ́ náà pọ̀ kí iná tó kàn án. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i: démárọ̀, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kíkísítátà. Gbogbo àìsàn tí a máa sọ lónìí, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ti wá.

Adáhunṣe tó mọṣẹ́ kì í já ewé kó tó bi aláìsàn léèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo ló ń dùn ọ́, kí lo jẹ lánàá? Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ọkọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì yí, àbí kò yí rárá? Èkejì: bó bá jẹ́ pé ó kú lójú ọ̀nà ni, ṣé ó kú lójijì bí ẹni pa iná, àbí ó kọ́kọ́ ń fà, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó tó kú? Ẹ̀kẹta: kí ló yí padà láìpẹ́ yìí? Ṣé ẹ ra epo lánàá, ṣé òjò rọ̀, ṣé ẹnì kan ṣe iṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìdáhùn mẹ́ta yìí nìkan máa ń mú kí ìdajì iṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò yí rárá. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ “ká”, tàbí “ká-ká-ká-ká”, tàbí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní bátìrì ti kú, wọ́n á sì gba ọjà lọ. Ẹ dúró ná. Ẹ yọ jíà, ẹ fa búréèkì ọwọ́. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹnì kan máa wò ó, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣókùnkùn tàbí tó kú pátápátá, agbára iná kò dé ibi tó yẹ kó dé: ó lè jẹ́ bátìrì, ó lè jẹ́ ẹnu wáyà, ó sì lè jẹ́ démárọ̀ tó há. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí kò mì, tí ẹ́ńjìnnì ò sì yí, bátìrì ò jẹ̀bi. Kọ́kọ́rọ́, wáyà tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ lọ sọ́dọ̀ démárọ̀, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, tàbí démárọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Ẹ wo orí bátìrì. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó yọ bí ìyẹ̀fun létí irin rẹ̀, ẹ ti rí afurasí. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà odì, ìyẹn ti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí. Òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn. Ẹ da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí páálí yanrìn ha á títí irin yóò fi dán, ẹ dè é pinpin, kí ẹ wá fi gíríìsì pa á lójú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi náà kan ojú tàbí aṣọ yín, nítorí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná owó kankan: lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìyànjú láti ṣíná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ rọra fọwọ́ kan ẹnu wáyà méjèèjì. Èyí tó bá gbóná, òun ni kò dì mọ́.

Bí mítà bá wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ á túbọ̀ yé yín. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi mọ́jú, máa ń fún wa ní nǹkan bí fóòtì 12.6. Bó bá wà ní 12.2, ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀ sí 12 tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀, ebi ń pa á. Nígbà tí démárọ̀ bá ń yí, kò yẹ kó já wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 9.6. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ rí láàárín 13.8 sí 14.4. Bí ẹ ò bá rí i, bátìrì tuntun tí ẹ fẹ́ rà kò ní pẹ́ kú, nítorí alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni kò bọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣojú mi lọ́jọ́ ọjà. Bàṣé 504 kan kún fún àpò àgbàdo, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ “ká” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bátìrì rẹ̀ ò tíì pẹ́ tó rà á. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó sáré dé ibẹ̀ ní, “Ọ̀gá, démárọ̀ ló ti jóná. Ẹ jẹ́ ká tú u.” Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, “Ta ló sọ fún ọ? Lọ mú wáyà tí a fi ń yá bátìrì wá.” Ó mú okùn wáyà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó fi ẹnu kan gún ìdí odì bátìrì, ó fi ẹnu kejì gún irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣíná.” Démárọ̀ yí kíkankíkan, ọkọ̀ sì mú lójú ẹsẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́ ló ti dógùn-ún tó sì já kù fọ́nrán díẹ̀. Iná tó yẹ kó padà sí bátìrì kò rọ́nà kọjá. Wọ́n pààrọ̀ wáyà náà níbẹ̀, àwọn ìyá gun orí ẹrù wọn, ọkọ̀ sì lọ. Ká ní wọ́n tú démárọ̀ ni, ọjà ọjọ́ náà ti bọ́, démárọ̀ tuntun náà ì bá sì kọ̀ láti yí.

Ọ̀rọ̀ títi ọkọ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ti ọkọ̀ onígíà ọwọ́ tó sì sítáàtì, ó ti sọ ohun púpọ̀ fún yín: epo ń dé, iná ń ta, ẹ́ńjìnnì dára. Ẹ̀yìn bátìrì, wáyà àti démárọ̀ nìkan ni kí ẹ máa tọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé dúró níwájú ọkọ̀ tí a ń tì o.

Ó kan irú àìsàn kejì: démárọ̀ ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n kò mú. Ẹ má ṣe yí i títí bátìrì yóò fi rẹ̀. Ẹ bi í pé: iná ni kò sí, tàbí epo? Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá tutù fún epo, tó ń rùn bẹntiróòlù, epo ń dé. Iná ni kí ẹ wá. Bó bá gbẹ táútáú lẹ́yìn tí ẹ ti yí i pẹ́, epo ni kò dé. Ẹ̀rí nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Láti mọ̀ bóyá iná ń ta nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ nu epo tó bá ti dà sílẹ̀, kí ẹ jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì náà sínú ìbòrí wáyà rẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú onírọ́bà di í mú kí ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn ṣíná. Iná búlúù tó ń dún “tá-tá” dára. Iná pupa tó rọ̀, tàbí kó má sí iná rárá, ìṣòro wà. Ẹ ṣí ìdérí delco, níbi tí iná ti ń pín sí pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń kóra jọ sínú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ló ń fẹ́, kì í ṣe owó. Ẹ wò ó bóyá ìlà dúdú tín-ín-rín wà lára rẹ̀: ibi tí iná ń sá gbà nìyẹn, ẹ ní láti pààrọ̀ ìdérí náà. Ẹ wo kọ́ńtáàtì tó ń ṣí tó ń pa dé. Bí ojú rẹ̀ bá jóná, ẹ ha á, kí ẹ tún àlàfo rẹ̀ ṣe sí nǹkan bí mìlímítà 0.4. Ẹ rí i pé wáyà pọ́lọ́ọ̀gì wà níbi tó yẹ kó wà. Lórí 504, ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì ni wọ́n fi ń gbaná tẹ̀ léra. Ẹni tó bá tú wáyà láìsàmì sí i lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àìsàn tuntun sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ epo ni kò dé, ẹ yọ ìdérí asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀, kí ẹ wá fọwọ́ fa irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ fún epo. Ó yẹ kí ẹ rí epo tó tú wẹ́ẹ́ sínú ọ̀fun náà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ máa tọ ọ̀nà epo padà sẹ́yìn: láti kábúrétọ̀ sí pọ́ńpù, láti pọ́ńpù sí asẹ́ epo, láti asẹ́ sí táǹkì. Ibi tí epo bá ti dáwọ́ dúró ni àìsàn wà. Asẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Rọ́bà tó ti sán lójú ọ̀nà epo náà lè máa fa afẹ́fẹ́ dípò epo, láìjẹ́ pé ẹ rí i kó jò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da epo sí ọ̀fun kábúrétọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣíná. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri. Ẹ́ńjìnnì lè ta iná padà sókè, ike epo tó wà lọ́wọ́ yín á sì gbiná mọ́ yín lára. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà. Tó bá bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn.

Ní báyìí, ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà. Èyí ló ń dààmú awakọ̀ jù, nítorí kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, ara rẹ̀ á ti yá. Ìbéèrè kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa tọ́ yín sọ́nà. Bí ọkọ̀ bá kú lójijì, tí ẹ ò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń fà, tó ń ta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó kú, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ fetí sí bí ó ṣe ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ìgbà tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù ló máa ń fà, tó bá sì dé ibi pẹrẹsẹ tó ń sáré, asẹ́ epo ti dí, tàbí pọ́ńpù ti rẹ̀, tàbí ìdọ̀tí táǹkì ló ń bo ẹnu ihò. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń kú nígbà tí ẹ bá dúró tàbí tí ẹ bá tẹ búréèkì, ihò kékeré tí kábúrétọ̀ fi ń mí nígbà ìsinmi lè ti dí, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa gba ibi tí kò yẹ wọlé, pàápàá rọ́bà tó lọ sí agbára búréèkì. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti gbóná ló máa ń kú, tí ẹ bá sinmi díẹ̀ tó bá tutù tó sì mú, kọ́ìlì àti kọ́ńdẹ́nsà delco ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì kan sínú ọkọ̀, kí ẹ dán iná wò lẹ́sẹ̀ kan náà tó bá kú, kó tó tutù. Tó bá ti tutù, ẹ̀rí ti lọ.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, ẹ lọ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ẹ bá gbọ́ “fùùù”, bí ẹni pé táǹkì ń fa èémí, tí ọkọ̀ sì mú lẹ́yìn náà, ihò tí táǹkì fi ń mí ti dí. Bí epo ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ò rọ́nà wọlé dípò rẹ̀, pọ́ńpù ò sì lè fa nǹkan mọ́. Eruku pupa ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́, àti ẹrẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò, lè dí ihò bẹ́ẹ̀ pa. Ẹ fi abẹ́rẹ́ là á, ó parí.

Ó di dandan kí n sọ̀rọ̀ lórí epo tí à ń rà. Kò sí ẹni tí kò mọ kpayo, epo inú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà, tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó kpayo náà fò sókè lọ́dọ̀ wa. Tí owó bá ga, ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè bù lé e. Àní bí olùtà bá jẹ́ olóòótọ́, kẹ́ẹ̀gì tí epo gbà kọjá lọ́wọ́ mélòó kan, ta ló fọ̀ ọ́? Omi òjò lè bọ́ sí i, yanrìn lè bọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ ní ìgò funfun tó mọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ bu epo díẹ̀ sí i, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àti iná ò sí, kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Yóò wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín wọn níyà. Yanrìn àti ìpẹ́ irin náà á wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí omi, ẹ má tíì fọwọ́ kan delco, ẹ má tíì tú kábúrétọ̀. Ẹ fa ìdí táǹkì dànù sínú ohun èlò irin, ẹ pààrọ̀ asẹ́, ẹ fọ àgọ́ epo kábúrétọ̀, kí ẹ wá ṣíná. Aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ epo lè mú yanrìn, kò lè mú omi. Kí epo dúró kó silẹ̀, kí ẹ rọ ti òkè, ìyẹn ló mú omi kúrò.

Ẹ sì rántí pé iná ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó irú epo yìí sí gbiná ní Sèmè-Podji, ó kéré tán èèyàn 34 ló kú níbẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Ẹ má ṣe tan ṣáná, ẹ má mu sìgá, ẹ má fi fìtílà wo inú táǹkì. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò.

Díẹ̀ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu dísù. Ẹ́ńjìnnì dísù ò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tana. Bí kò bá mú láàárọ̀ títí yóò fi gbóná, ẹ yẹ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì tó ń mú inú rẹ̀ gbóná wò. Bó bá ń kú lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ asẹ́ tàbí tí epo tán pátá, afẹ́fẹ́ ló wọ ọ̀nà epo. Ẹ ní láti lé e jáde, ẹ má yí démárọ̀ títí tó fi máa jóná.

Fún ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ò ní kábúrétọ̀ mọ́, bí i púpọ̀ nínú àwọn Toyota àti Nissan tó jáde láti 1990 wá, ẹ má fa wáyà pọ́lọ́ọ̀gì jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì yí démárọ̀, kí ẹnì kan fetí sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Nínú àwọn kan nínú wọn, pọ́ńpù epo máa dún “wùùù” fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá dún, ẹ wo fíùsì àti riléè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ táǹkì kalẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń kú nígbà tó bá gbóná tó sì ń mú nígbà tó bá tutù, ohun kékeré tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, ni kí ẹ ní kí wọ́n dán wò.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ ń gbé ìlú yìí rìn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ fi mítà lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bí ẹ ti fi sípánà lé e lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ títú nìkan, tí kò mọ wíwádìí, kò tíì kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí fún oníbàárà kó tó sọ iye owó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbọ́n ju wa lọ. Ẹ fún wọn láyè láti béèrè.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, ẹ ra ìwé àjákọ kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra epo àti ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ kú, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá òjò ń rọ̀, bóyá ó kú lójijì tàbí ó fà. Tí ẹ bá gbé ìwé yẹn fún mẹ́káníìkì, ẹ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé nǹkan kan ti bàjẹ́, ẹ rọra béèrè pé: “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?” Kì í ṣe àrífín. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á fi hàn yín.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wẹ orí bátìrì, ẹ wo wáyà, ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ wo epo nínú ìgò, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Gbogbo rẹ̀ ò gba wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ rà á, ẹ má sì bínú sí owó rẹ̀. Ẹ bá mi sọ èyí fún awakọ̀ tó bá gbé yín lọ sọ́jà lónìí: kí ó rí ẹ̀rí kó tó sanwó.